Ta Ló Kọ́ Wọn Ní "Ó Ti Ń Tutù"?

Bí aago mẹ́ta ọ̀sán bá ti lù l'Ékòó, tí oòrùn ń mú ganrínganrín, tí ọmọkùnrin kan sì wà lórí àkàbà lẹ́yìn ilé alájà kan ní Sùúrùlérè, gbólóhùn kan ló máa ń parí iṣẹ́ àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù kọ́. Ẹnì kejì rẹ̀ tó wà nínú yàrá á gbé àtẹ́lẹwọ́ sí ẹnu AC tuntun náà, á dúró díẹ̀, á wá pariwo gba ojú fèrèsé pé, "Ó ti ń tutù o!" Ó parí nìyẹn. Ẹni orí àkàbà á máa kó sípánà sínú àpò, onílé á sanwó, ọ̀gá tó wà ní ṣọ́ọ̀bù á gbọ́ lórí fóònù pé wọ́n ti ṣe tán, á sì ní kí wọ́n tètè kọjá sí Ìkejà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kó tó pé ọdún kan, AC yẹn lè bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ atẹ́gùn lásán. Oníṣẹ́ á dé, á ní gáàsì ló tán, á rọ òmíràn sí i. Ó tún di oṣù díẹ̀, wọ́n á tún rọ ọ́. Lọ́jọ́ tí kọ̀mpirésọ̀ bá wá kú pátápátá, tí ẹjọ́ dé iwájú ọ̀gá, ohun tó máa sọ kì í yàtọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù kan sí èkejì: "Àwọn ọmọ iṣẹ́ ìsinsìnyí kì í gbọ́ràn. Mo ti kọ́ wọn, ẹnu ti bó mi. Olórí kunkun ni wọ́n."

Ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Oníbàárà gbà á, oníléeṣẹ́ ńlá gbà á, kódà àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ń fi bú ara wọn. Àmọ́ ẹni tó bá fara balẹ̀ wo iṣẹ́ náà á rí i pé òdì kejì rẹ̀ gan-an ni òótọ́. Ọmọ iṣẹ́ ń gbọ́ràn. Ó tilẹ̀ ń gbọ́ràn jù. Ohun tí ọ̀gá ń bi í lálaalẹ́ ló ń wá fún un, ìbéèrè ọ̀gá kò sì ju ẹyọ kan lọ: "Mélòó lẹ gbé kọ́ lónìí?"

Iṣẹ́ amúlétutù ní ẹ̀tàn kan nínú tí iṣẹ́ káfíńtà kò ní. Tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba á mì lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Bùbá tí télọ̀ bà jẹ́ á fún èèyàn lọ́rùn níwájú dígí. Ṣùgbọ́n AC tí wọ́n fi wàdùwàdù gbé kọ́ máa tutù lọ́jọ́ àkọ́kọ́ bákan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n fi sùúrù ṣe. Ìyàtọ̀ wọn wà nínú páìpù, níbi tí ojú kò dé.

Ohun tó yẹ kó wáyé nìyí. Láàárín ìgbà tí wọ́n so páìpù bàbà inú ilé mọ́ ti ìta àti ìgbà tí wọ́n máa ṣí gáàsì sílẹ̀, iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ ki náítírójìn sínú páìpù, wọ́n á pa á dé, wọ́n á máa wò ó bóyá ọwọ́ gééjì ń lọ sílẹ̀, wọ́n á sì fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé wò bóyá èyíkéyìí máa hó. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní fákúọ̀mù á wá fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú páìpù jáde, fún ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe dípò méjèèjì kò tó ìṣẹ́jú kan. Wọ́n á tú nọ́ọ̀tì kan díẹ̀, wọ́n á ṣí gáàsì fìrí kó lè ti afẹ́fẹ́ síta, á dún "ṣíìì", wọ́n á tún nọ́ọ̀tì dì. Ó ti ń tutù.

Èrò àwọn èèyàn ni pé fákúọ̀mù ń fa omi bí ọmọdé ṣe ń fi sítírọ́ọ̀ fa ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣe ló ń sè é. Omi tó ń hó ní 100°C lórí iná ìdáná máa hó ní nǹkan bí 27°C, ìyẹn ooru yàrá lásán l'Ékòó, bí wọ́n bá ti dín agbára afẹ́fẹ́ tó wà lórí rẹ̀ kù láti 760,000 sí 25,400 lórí òṣùwọ̀n máíkírọ́ọ̀nù. Á hó, á di èéfín omi, ẹ̀rọ á wá fà á jáde. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í sì dúró níbẹ̀ yẹn. 500 ló ń wá. Bó bá dé ibẹ̀, á pa fáàfù dé, á jókòó tì í. Bí nọ́ńbà bá gùn gan-an kó tó dúró, omi ṣì kù nínú páìpù. Bó bá ń gùn tí kò dúró, ó ń jò. Gééjì aláwọ̀ búlúù tí gbogbo oníṣẹ́ ní kò lè fi ìyàtọ̀ 500 àti 5,000 han ẹnikẹ́ni, nítorí ọwọ́ rẹ̀ á ti wọlẹ̀ dé ìsàlẹ̀ tipẹ́tipẹ́, á wà níbẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó kù. Gééjì máíkírọ́ọ̀nù nìkan ló lè sọ òótọ́ yìí. Kí ọ̀gá tó ń sunkún ọmọ iṣẹ́ kọ́kọ́ sọ fún wa: mélòó nínú rẹ̀ ló wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀?

Nínú ẹgbẹ́ oníṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni àgbà kan wà tí àwọn yòókù ń pè ní "ẹ̀gbọ́n". Òun ló mọ ọ̀nà gbogbo ilé tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ rí, ohùn kọ̀mpirésọ̀ lásán ló ń gbọ́ tó ti mọ ohun tó ń ṣe é. Bí wọ́n bá dárúkọ fákúọ̀mù fún un, á rẹ́rìn-ín: "Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe é, ta ló kú?" Òun gan-an ni ọ̀gá máa ń tọ́ka sí bó bá fẹ́ fi olórí kunkun hàn.

Ẹ̀gbọ́n kò purọ́. Gáàsì R-22 tó jọba ní Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún, òróró tó ń bá a rìn kì í fi bẹ́ẹ̀ mu omi. Èèyàn lè fi "ṣíìì" gbé e kọ́, kí AC náà sì pẹ́ láyé. R-410A àti R-32 tó gbapò rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òróró tiwọn, tí wọ́n ń pè ní POE, ń mu ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bí iyọ̀ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ nígbà òjò. Bí omi bá ti wọ inú rẹ̀, tí ooru kọ̀mpirésọ̀ bá a níbẹ̀, ásíìdì dé nìyẹn, á sì máa jẹ wáyà mọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀. Agbára R-410A inú páìpù tún fi nǹkan bí ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju ti R-22. Ẹnu páìpù tí wọ́n fẹ̀ tí kò jò rárá nígbà kan lè máa jò báyìí. Ìmọ̀ ẹ̀gbọ́n péye. Gáàsì mìíràn ló kàn wà fún. Ọ̀gá ra AC tuntun sí ṣọ́ọ̀bù, ó tún pátákó ojú títì kùn, ó lẹ àwòrán ẹ̀rọ òde òní mọ́ ara ọkọ̀, kò sì rántí sọ fún ẹ̀gbọ́n pé ilẹ̀ ti yí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Èyí tó ń bọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀. R-32 lè gbiná, bí kò tilẹ̀ yá. R-290 ní tiẹ̀, propane ni, ọmọ ìyá gáàsì tí à ń fi dáná. Ẹni tó ti fi ogún ọdún tú gáàsì dà sí yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, tó sì tan iná tọ́ọ̀ṣì ìjópáìpù sítòsí rẹ̀ láìsí pé ó gbiná, á ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan nídìí R-290. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí ìbínú ọ̀gá máa yanjú.

Ó yẹ ká wá wo ohun tí wọ́n gbé lé ọmọ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ kó tó jáde láàárọ̀. Fákúọ̀mù ń lo iná. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ń rán an lọ jẹ́ ilé tuntun tí wọn kò tíì fa iná sí, tàbí ilé tí iná ti lọ láti àná. Bí ọ̀gá kò bá fún un ní jẹnẹrétọ̀ kékeré tàbí fákúọ̀mù alábátìrì, ẹ̀rọ tó gbé wá di ẹrù lásán, "ṣíìì" kò sì nílò iná. Náítírójìn ńkọ́? Sílíńdà rẹ̀ wúwo, kò ṣeé gbé gun ọ̀kadà. Gáàsì fúnra rẹ̀, ta ló ń rà á lọ́jà? Ní 2011, àwọn kọ̀ntẹ́nà amúǹkantutù tí wọ́n fi ń kó oúnjẹ gba orí òkun bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàù, òṣìṣẹ́ mẹ́ta sì kú. Ayédèrú gáàsì ni wọ́n rọ sínú wọn níbi àtúnṣe. Methyl chloride wà nínú rẹ̀, ó sì bá alumíníọ̀mù inú kọ̀mpirésọ̀ jà. Àwọn tó kú kọ́ ló lọ ra gáàsì olówó pọ́ọ́kú.

Lẹ́yìn irinṣẹ́ ló kan owó. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń sanwó lórí iye ẹ̀rọ tí ọmọ iṣẹ́ gbé kọ́. Ẹni tó fi ìdajì wákàtí jókòó ti fákúọ̀mù, tó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá míì wò ó bóyá nọ́ńbà ń gùn, á ṣe méjì lóòjọ́. Ẹni tó ń ṣe "ṣíìì" á ṣe mẹ́rin. Ní ọjọ́ Sátidé, ẹni tó ṣe iṣẹ́ rere á gba ìdajì owó ẹnì kejì, lójú gbogbo àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó dúró síbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ lọ́jọ́ náà kò ní kúrò lọ́kàn wọn, ọ̀gá ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ wọn. Ṣọ́ọ̀bù míì tún wà tó jẹ́ pé bí gáàsì bá jò dànù, wọ́n á yọ owó rẹ̀ nínú owó oníṣẹ́. Ó dá ọ̀gá lójú pé èyí á jẹ́ kí wọ́n ṣọ́ra. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé láti ọjọ́ yẹn lọ kò sẹ́ni tó máa sọ fún un mọ́ pé nǹkan kan ń jò.

Àwọn tó ṣì ń sọ pé inú ẹ̀jẹ̀ òṣìṣẹ́ ni ìwà burúkú wà, kí wọ́n wo Fremont, ní ìpínlẹ̀ California. General Motors ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tó ní síbẹ̀ pa ní 1982. Lẹ́nu àwọn ọ̀gá, kò sí òṣìṣẹ́ tó burú tó ti Fremont ní gbogbo Amẹ́ríkà: wọ́n ń mutí lẹ́nu iṣẹ́, ẹnì kan nínú márùn-ún sì lè má yọjú láàárọ̀. Ní 1984, Toyota bá GM dòwò pọ̀, wọ́n tún ibẹ̀ ṣí, wọ́n sì pè é ní NUMMI. Àwọn wo ni wọ́n gbà síṣẹ́? Àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ kan náà ló pọ̀ jù nínú wọn, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan náà ló sì ń ṣojú wọn. Wọ́n kó àwọn kan lọ sí Japan kí wọ́n lọ bá àwọn ti ibẹ̀ ṣiṣẹ́, kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Nígbà tí wọ́n padà dé, okùn kan wà lókè orí wọn: ẹni tó bá rí àléébù lára ọkọ̀ lè fà á, kí olórí rẹ̀ sáré wá ràn án lọ́wọ́, kí gbogbo iṣẹ́ sì dúró bí kò bá tíì yanjú. Láyé GM, ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní ìdáríjì ni kí èèyàn dá iṣẹ́ dúró; àléébù á bá ọkọ̀ lọ dé ìparí. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ Fremont fi wà lára èyí tó dára jù lọ tí GM ń tà, tí iye àwọn tí kì í wá síṣẹ́ sì já wálẹ̀ gidigidi. Wọn kò pààrọ̀ èèyàn. Ohun tí ìwà èèyàn ń mú bọ̀ fún un ni wọ́n pààrọ̀.

Èsì tó máa ń tẹ̀lé èyí ni pé, "Ṣebí a ti ṣe sẹ́mínà fún wọn." Sẹ́mínà wà lóòótọ́. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti bọ́ sínú àdéhùn Montreal ní 1988, ọdún kan lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀, ni ọ̀rọ̀ gáàsì tó ń ba ojú ọ̀run jẹ́ ti di ti ìjọba, ọ́fíìsì tó ń bójú tó o l'Ábújá sì ti ń bá àwọn àjọ àgbáyé ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún oníṣẹ́ fíríìjì àti AC. Oníṣẹ́ á lọ, á jẹ ìrẹsì, á gba ìwé ẹ̀rí. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, á padà sí ṣọ́ọ̀bù tí kò ní gééjì máíkírọ́ọ̀nù, sọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń bi í pé mélòó.

Àwọn dókítà pàápàá ti rí irú rẹ̀. Ní 2009, wọ́n tẹ àbájáde ìwé àyẹ̀wò kan jáde, èyí tí àjọ ìlera àgbáyé ṣe fún yàrá iṣẹ́ abẹ: kí wọ́n bèèrè orúkọ aláìsàn, kí wọ́n ka irinṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá rí ohun tí kò tọ́ sọ ọ́. Ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ tí wọ́n ti dán an wò, láti London dé Ifakara ní Tanzania, ikú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ já láti 1.5 sí 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìjọba Ontario ní Kánádà wá pàṣẹ pé kí gbogbo ilé ìwòsàn máa lò ó. Nígbà tí àwọn olùwádìí wo ilé ìwòsàn 101 níbẹ̀, tí wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2014, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí kò tó nǹkan. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á, ṣùgbọ́n kò ní ṣòro fún ẹnikẹ́ni tó ti rí ìwé òfin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù láti fojú inú wò ó. Bébà ló dé ibẹ̀.

Àwíjàre méjì ló kù tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èkíní ni pé oníbàárà kò ní san owó àsìkò yẹn, pé ẹni tó bá lo fákúọ̀mù á pàdánù iṣẹ́ sọ́wọ́ oníṣẹ́ ẹ̀bá títì. Èyí kì í ṣe irọ́. Owó gbígbé AC kọ́ l'Ékòó kéré, ọjà náà sì le. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ka owó kan tó ń jáde lápò rẹ̀: owó ọjọ́ tí wọ́n bá pè é padà. Láti ìgbà tí ìrànwọ́ orí epo ti lọ ní oṣù Karùn-ún 2023, kí ọkọ̀ gba Third Mainland Bridge lọ ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní Lẹ́kí kì í ṣe ohun kékeré. Epo, owó iṣẹ́ ènìyàn méjì fún odidi ọjọ́, gáàsì tuntun, orúkọ tó bàjẹ́. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta péré, kó wo iye tí fákúọ̀mù jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Oníbàárà náà kò sì fọ́jú mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù, fò láti nǹkan bíi náírà 68 sí 225 fún yúnítì kan. Ẹni tí irú owó bẹ́ẹ̀ ń jáde lápò rẹ̀ á fẹ́ mọ ìdí tí AC rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ láìtutù.

Èkejì ni pé bí wọ́n bá kọ́ ọmọ iṣẹ́ dáadáa, á gba fríídọ̀ọ̀mù, á sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí òdìkejì títì. Bẹ́ẹ̀ ni, á lọ. Ìgbà wo ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ilẹ̀ Yorùbá ò lọ rí? Torí kó lè lọ ni bàbá rẹ̀ ṣe mú un wá. Níbikíbi tó bá dé, ìbéèrè tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ bi í ni, "Ta lọ̀gá ẹ?" Ọ̀gá tó bá sì fi "ṣíìì" rán an jáde ti gbé orúkọ ara rẹ̀ lé e lórí.

Bí ọ̀gá bá wá fẹ́ kí nǹkan yí padà, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó má sì rán ọmọ ọdún márùnlélógún lọ ṣàlàyé fún un lójú gbogbo ayé. Kí àwọn méjèèjì jókòó nírọ̀lẹ́ nígbà tí àwọn ọmọdé ti lọ. Kọ̀mpirésọ̀ tó jóná wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n gé e. Òróró tó yẹ kó mọ́ gaara á ṣàn jáde ní dúdú, òórùn kíkan á gbá wọn nímú, wáyà mọ́tọ̀ á ti jóná. Kí wọ́n mú páìpù bàbà tí wọ́n jó pọ̀ láìfi náítírójìn sínú rẹ̀, kí wọ́n fi ayùn là á sí méjì. Èépá dúdú ló máa wà nínú rẹ̀, ó ń bọ́ bí èédú, níbi tó yẹ kó pọ́n, kó sì máa dán. Ẹ̀gbọ́n á rí i, á dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n gbé gééjì tuntun lé òun lọ́wọ́ ṣáájú gbogbo èèyàn, kí òun sì máa kọ́ àwọn yòókù. Ẹni tó mọ ohùn kọ̀mpirésọ̀ yẹn á mọ nọ́ńbà kà.

Kí ọ̀gá wá yí ìbéèrè alẹ́ padà. Dípò "Mélòó lẹ gbé kọ́?", kó bèèrè pé, "Nọ́ńbà mélòó ló dúró lé?" kó sì ní kí wọ́n fi fọ́tò gééjì hàn òun lórí fóònù. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n á máa wo ara wọn lójú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹnì kan á na fóònù sí i: 480, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, 510. Iye ẹ̀rọ tí wọ́n gbé kọ́ lọ́jọ́ náà á jẹ́ méjì, gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ á sì dúró níbẹ̀ láti gbọ́ ohun tí ọ̀gá máa sọ sí i.